Kọ́ńpírẹ́sọ̀ amóníà wa ti tóbi ju ẹja tó kù nílẹ̀ lọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ìjọra
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Kóòlù-rúùmù kan níbí n'Íjọra ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹja òkú Èkó la ń kó. Yàrá méjìlá la ní. Nígbà tí mo wọṣẹ́ gbogbo ẹ̀ ló máa ń kún, Titus, kótè, ṣáwá, pánla, kò síbi téèyàn máa fẹsẹ̀ sí, ṣùgbọ́n látìgbà tí dọ́là ti gòkè tí ẹja òkèèrè ti wọ́n, yàrá márùn-ún péré là ń lò. Kọ́ńpírẹ́sọ̀ screw mẹ́ta ló wà, mọ́tọ̀ 160 kilowatt ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, amóníà ni gáàsì ẹ̀. Méjì ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru, ọ̀kan ń sinmi. Àwọn méjì tó ń ṣiṣẹ́ yìí kì í kọjá 45 sí 50 pásẹ́ńtì lójú pánẹ́ẹ̀lì, mo wá rò ó pé tó bá jẹ́ ìdajì iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe, ìdajì iná náà ló yẹ kí wọ́n máa jẹ, àmọ́ bíìlì ò wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rárá. Band A la wà, ẹ sì mọ bó ṣe rí látìgbà tí wọ́n ti gbé owó iná lọ sí 225 náírà fún yúnìtì kan ní April 2024, wọ́n dín in kù díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ lóòótọ́ àmọ́ ara ò tíì tù wá. Ọ̀gá ní kí n wá nǹkan ṣe sí i kóṣù tó parí. Suction (prẹ́ṣọ̀ ibi tí gáàsì ti ń wọ kọ́ńpírẹ́sọ̀) wà ní 0.2 bar lójú géèjì, ìyẹn -30°C, head (prẹ́ṣọ̀ ibi tó ti ń jáde) wà ní 14 bar, yàrá wà ní -20°C. Ẹnì kan ní ká ra VFD (ẹ̀rọ tó ń dín eré mọ́tọ̀ kù tàbí kó fi kún un) sí méjèèjì, ẹlòmíì ní ká máa pa á ká máa tan án. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin, kí lẹ máa ṣe?

Baba Amóníà, Sùúrùlérè
Ọmọ mi, o káre tó o béèrè. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ amóníà kí n tó fẹ̀yìn tì, Àpápá ni èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Má tíì gbọ́ ti VFD. Kọ́kọ́ sọ fún mi, 50 pásẹ́ńtì tó ò ń rí lójú pánẹ́ẹ̀lì yẹn, ṣé òtútù tí ẹ̀rọ ń mú jáde ni àbí ibi tí slide valve (fáàfù inú screw tó ń dín iye gáàsì tó ń fún kù) dúró sí? Ọ̀pọ̀ pánẹ́ẹ̀lì, ibi tí slide wà ni wọ́n ń fi hàn, slide sì lè wà ní ìdajì kí òtútù má wà ní ìdajì. Lọ wo amp. Mélòó ló máa ń fà tó bá kún, mélòó ló ń fà báyìí?

Ọmọ Ìjọra
Ẹ ṣé bàbá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tibẹ̀ bọ̀ ni. Tó bá kún dáadáa ó máa ń sún mọ́ 280. Báyìí, ọ̀kan ń fa 187, ìkejì ń fa 182.

Baba Amóníà, Sùúrùlérè
O rí i báyìí. Ẹ̀rọ tó ń ṣe bí ìdajì iṣẹ́ ń fa ìdá méjì nínú mẹ́ta iná, kò sì bàjẹ́ o, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Nínú screw, irin méjì ló ń yí wọnú ara wọn tí wọ́n ń ká gáàsì mọ́ títí tó fi máa fún pọ̀. Tí slide valve bá fà sẹ́yìn, ńṣe ló ń ṣílẹ̀kùn kí lára gáàsì tó ti wọlé padà sí suction kí wọ́n tó rí i fún. Òtútù dín kù lóòótọ́, àmọ́ irin méjèèjì ṣì ń yí ní eré tí wọ́n ń bá bọ̀, ọ́ìlì ṣì ń lọ, bearing ṣì ń gbé ẹrù, ibi tí gáàsì ti ń jáde náà ò bá bí wọ́n ṣe fún un mu mọ́. Ìdí nìyẹn tí screw tó ń ṣe ìdajì iṣẹ́ fi lè máa jẹ 60 sí 70 pásẹ́ńtì iná, tó bá wálẹ̀ dé 25 ó ṣì lè máa jẹ tó ìdajì.

Fojú inú wo danfó méjì tó gbéra l'Oyíngbò pa pọ̀, èrò méje wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ibì kan náà ni wọ́n ń lọ. Èrò danfó kan ni wọ́n gbé, epo danfó méjì ló jó. Ohun tẹ́ ẹ̀ ń ṣe n'Íjọra nìyẹn. Kó gbogbo èrò yẹn sínú ẹyọ kan: jẹ́ kí kọ́ńpírẹ́sọ̀ kan lọ sókè dé 90, 95, 100, kí ìkejì kú pátápátá, kó kàn wà ní auto.

Ohun kan tún wà. Tó bá jẹ́ screw yín ní economizer (ihò kejì tí gáàsì tún ń gbà wọ àárín screw), ẹ wò ó bóyá ó máa ń ti ara ẹ̀ tí slide bá ti wálẹ̀. Tí slide bá fà sẹ́yìn jù, ihò economizer máa ń já sí ibi tí suction wà, gáàsì tí kò yẹ kó wọlé á wá máa kún un nínú lásán.

Ọmọ Ìjọra
Bàbá, ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé tí kọ̀ńtéénà bá wọlé lọ́sàn-án, tí òòrùn mú, tí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí fún wákàtí mẹ́ta, ẹyọ kan ò ní lè gbé e, ẹja á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, èmi ni wọ́n máa bi.

Ṣíìfù Òru Àpápá
Ìkejì á dìde nígbà yẹn, iṣẹ́ tí auto wà fún nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí kó má bàa ṣẹlẹ̀ sí yín. Ibi tí mo wà tẹ́lẹ̀, wọ́n ṣètò pé kí ìkejì dìde tí suction bá ti lọ sókè díẹ̀ báyìí, kó sì kú tó bá ti wálẹ̀ díẹ̀, wọn ò fi àyè sílẹ̀ láàárín méjèèjì. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo kà á, ìgbà mọ́kànlá ló dìde láàárín aago méjìlá sí aago márùn-ún. Kò ju oṣù méjì lọ lẹ́yìn ẹ̀ tí wáyà inú mọ́tọ̀ jóná, ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi wá ẹni tó máa tún un ká. Mọ́tọ̀ ńlá báyìí kì í fẹ́ ká máa tan án léraléra, ó ní iye ìgbà tó lè dìde ní wákàtí kan, ó wà nínú ìwé ẹ̀, ẹ wá a kẹ́ ẹ kà á.

Ohun tí mo máa ń ṣe báyìí ni pé kí suction kọ́kọ́ gòkè tó bí ìwọ̀n Celsius mẹ́ta, kó sì dúró síbẹ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ìkejì tó dìde. Tó bá ti dìde, kó má kú láàárín ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ó kéré tán. Ẹja tó ti dì ní -20 ò ní mọ̀ pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá. Kó sì dìde pẹ̀lú slide ní ìsàlẹ̀ pátápátá o, ẹ má jẹ́ kó gbé ẹrù dìde, pàápàá tó bá jẹ́ orí jẹnẹrétọ̀ lẹ wà.

Ẹ̀gbọ́n Mátórì
Iná ni iṣẹ́ tèmi, ẹ jẹ́ kí n dá sí ti VFD yìí torí ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ń tà á ń sọ kiri pọ̀ ju òótọ́ inú ẹ̀ lọ.

Ẹ lè ti gbọ́ pé téèyàn bá dín eré kù sí 80 pásẹ́ńtì, iná á wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdajì. Òótọ́ ni, fún FÁÀNÙ. Fún kọ́ńpírẹ́sọ̀, irọ́ ni. Kọ́ńpírẹ́sọ̀ ń fún gáàsì mọ́ prẹ́ṣọ̀ kan náà yálà ó yára tàbí ó rọra, torí náà tó o bá dín eré kù sí 80, iná máa wálẹ̀ sí nǹkan bí 80 náà. Ó dáa ju slide valve lọ dáadáa, mi ò sọ pé kò dáa, àmọ́ kì í ṣe idán. VFD fúnra ẹ̀ náà ń jẹ tó 2 sí 4 pásẹ́ńtì, tí ẹ̀rọ bá ń lọ ní 100 ní gbogbo ìgbà, owó lẹ kàn ń fi í jẹ.

Nítorí náà ẹ má rà á sí méjèèjì. Ẹyọ kan tó ní VFD ti tó, òun lá máa gòkè tá á máa sọ̀kalẹ̀, àwọn yòókù á wà ní 100 tàbí kí wọ́n kú. Kẹ́ ẹ tó fowó sílẹ̀, ẹ bi ẹni tó ṣe kọ́ńpírẹ́sọ̀ léèrè eré tó kéré jù tí ẹ̀rọ náà lè máa sá, torí bearing àti ọ́ìlì. Ẹ bi í bóyá eré kan wà láàárín tó ti máa ń gbọ̀n, kẹ́ ẹ ní kí drive (VFD yẹn náà ni) máa fo ibẹ̀. Ẹ wo mọ́tọ̀ náà bóyá ó lè gba iná drive, fáànù tó wà nídìí mọ́tọ̀ fúnra ẹ̀ náà á rọra tí mọ́tọ̀ bá rọra, ooru á wá mú un. Ibi tẹ́ ẹ máa gbé drive sí gbọ́dọ̀ tutù, kó má sí eruku, kó má sì sí amóníà, torí amóníà máa ń jẹ kọ́pà, inú pánẹ́ẹ̀lì sì rèé, kọ́pà ló kún bẹ̀.

Tó bá jẹ́ owó kékeré ló wà lọ́wọ́ yín báyìí, fáànù kọ̀ńdẹ́ńsà (ibi tí gáàsì ti ń tu ooru sílẹ̀ tó sì ń di olómi) àti fáànù inú yàrá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi VFD sí. Ibẹ̀ ni ìṣirò ìdajì iná yẹn ti jẹ́ òótọ́. Fáànù inú yàrá, gbogbo iná tó bá jẹ ló ń di ooru nínú yàrá tẹ́ ẹ fẹ́ kó tutù, kọ́ńpírẹ́sọ̀ ló máa tún un kó jáde, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ sanwó ẹ̀.

Ní ti amp, bàbá, ẹ má bínú o sà, amp kọ́ ni kilowatt. Tí lóòdù mọ́tọ̀ bá kéré, power factor ẹ̀ (ìyẹn ìdá iná tó ń fà tó ń ṣe iṣẹ́ gidi) máa ń já, amp á wá dà bíi pé ó pọ̀ ju iná tó ń jẹ gan-an lọ. Kó fi mítà kilowatt wọ̀n ọ́n kó tó gbé ìròyìn lọ bá ọ̀gá ẹ̀.

Baba Amóníà, Sùúrùlérè
Kò sí ìbínú níbẹ̀, òótọ́ lo sọ. Kó fi kilowatt wọ̀n ọ́n.

Ibi tí mo fẹ́ ká dúró sí dáadáa ni suction àti head, torí kò ní ná yín ní kọ́bọ̀ kan, ibẹ̀ làwọn ọ̀dọ́ sì máa ń fò kọjá. Nígbà tí yàrá kún, tí ẹja tuntun ń wọlé lójoojúmọ́, kọ́ìlì (páìpù inú yàrá tí amóníà ń gbà kọjá) gbọ́dọ̀ tutù ju yàrá lọ dáadáa kó tó lè gba ooru yẹn, ìdí tẹ́ ẹ ṣe wà ní -30 nìyẹn. Báyìí tẹ́rù ti dín kù, tí ilẹ̀kùn ò ṣí tó tẹ́lẹ̀, kọ́ìlì tó tóbi yẹn ò nílò -30 mọ́ láti mú yàrá dúró ní -20. Gbé suction sókè ní ìwọ̀n kan, dúró fún ọjọ́ kan tàbí méjì, wo yàrá, wo inú ẹja, tí wọn ò bá yẹsẹ̀, gbé ìwọ̀n kan sí i. Mo gbà pé wàá dé -27 láìsí wàhálà, ìyẹn nǹkan bí 0.37 lójú géèjì. Ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan tó o bá gbé sókè, 2 sí 3 pásẹ́ńtì iná lo rí gbà padà, kọ́ńpírẹ́sọ̀ kan náà yẹn á tún máa kó tó 4 pásẹ́ńtì òtútù sí i, torí gáàsì tó ń wọlé ki ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí gan-an ló máa jẹ́ kí ẹyọ kan lè dá gbé yàrá márùn-ún.

Ó wá ku head. 14 bar yẹn ń bí mi nínú díẹ̀. 14 bar lójú géèjì, amóníà á máa di olómi ní bí 39. Kọ̀ńdẹ́ńsà tí wọ́n kọ́ fún kọ́ńpírẹ́sọ̀ mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ fún ìdajì méjì, ó yẹ kó ti sọ̀kalẹ̀ dé 12.5, ìyẹn 35, kódà kó kéré jùyẹn lálẹ́ àti nígbà ọyẹ́. Afẹ́fẹ́ Èkó lómi nínú lóòótọ́, kọ̀ńdẹ́ńsà olómi ò lè ṣe iṣẹ́ ìyanu níbí, ṣùgbọ́n 39 pẹ̀lú ìdajì ẹrù, nǹkan wà níbẹ̀. Ohun méjì ni mo rò. Àkọ́kọ́, ìpẹ́ funfun lára páìpù kọ̀ńdẹ́ńsà, torí omi bòhóòlù yín. Ìkejì, afẹ́fẹ́ ti wọnú amóníà. Wọn ìgbóná amóníà olómi tó ń jáde látinú kọ̀ńdẹ́ńsà: tí géèjì bá ní 14 bar tí olómi sì jẹ́ 33, afẹ́fẹ́ ló kún ìyókù prẹ́ṣọ̀ yẹn. Ẹ fà á jáde sínú omi díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ṣùgbọ́n má tìtorí owó rọ́ ọ wálẹ̀ dé 8 bar o. Ọ̀pọ̀ screw, ìyàtọ̀ láàárín head àti suction ló ń ti ọ́ìlì wọ inú bearing, tí ìyàtọ̀ yẹn bá kéré jù ọ́ìlì ò ní dé ibi tó yẹ. Tí prẹ́ṣọ̀ bá lọ sílẹ̀, gáàsì á gba àyè jù nínú oil separator (táńkì tó ń yọ ọ́ìlì kúrò nínú gáàsì), á máa sáré, á máa gbé ọ́ìlì lọ sínú kọ́ìlì. Hot gas tẹ́ ẹ fi ń yọ yìnyín lára kọ́ìlì náà á rẹ̀ ẹ́. Wá ibi tí gbogbo ẹ̀ ti bára dé, kó o dúró síbẹ̀.

Ìyá Yìnyín, Èbúté Mẹ́ta
Ẹ kú ìmọ̀ràn o. Ti pístìnì ni tiwa, yìnyín blọ́ọ̀kù là ń ṣe, àwọn tó ń ta ẹja àtàwọn onípùrù ló ń rà á. Mo fẹ́ sọ tèmi torí mo rí i pé gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lókè ti screw ni, ẹni tó ní pístìnì lè kà á kó sì ṣìnà.

Pístìnì yàtọ̀. Sìlíńdà mẹ́jọ ni tiwa ní, tẹ́ ẹ bá ní kó dín iṣẹ́ kù, ọ́ìlì á gbé fáàfù suction sìlíńdà méjì méjì sókè, àwọn yẹn á máa lọ á máa bọ̀ láìfún gáàsì. Torí ẹ̀ 100, 75, 50, 25 ló ń bá lọ, iná náà ń bá a wálẹ̀ dáadáa, kò dà bíi screw rárá. Ìyẹn ló jẹ́ kí n rò pé mo lè fi í sílẹ̀ ní 25 bó ṣe wù mí. Láàárín òjò lọ́dún kan, ọjà yìnyín kú, a fi sí 25 láti June dé September. Orí ẹ̀ gbóná, ọ́ìlì dúdú bí ọ̀dà, nígbà tó yá fáàfù fọ́ wọnú sìlíńdà, pístìnì kan bá a lọ. Tẹkiníṣàn tó wá ṣe é ló wá là mí lóye: gáàsì tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú sìlíńdà tí wọ́n gbé fáàfù ẹ̀ sókè yẹn ń gbóná lójú kan, gáàsì tútù tó ń wọlé látinú suction ò sì pọ̀ tó láti gbé ooru náà kúrò. Amóníà fúnra ẹ̀ máa ń gbóná ju fíríọ̀n lọ tí wọ́n bá fún un.

Látìgbà yẹn a kì í lò ó ní 25 ju ìgbà tó bá fẹ́ dìde tàbí tó bá fẹ́ kú. Ohun tá à ń ṣe ni pé tí iná ìjọba bá dé, a máa fi gbogbo sìlíńdà sí i, omi iyọ̀ inú táńkì á tutù dé -10 kọjá, tí iná bá lọ a máa pa á, omi iyọ̀ náà á máa dì yìnyín lọ fúnra ẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. Táńkì omi iyọ̀ yẹn ni ibi ìpamọ́ wa. Mo rò pé ẹ̀yin ẹlẹ́ja náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹja tó ti dì gbagidi, òun fúnra ẹ̀ ni yìnyín.

Ọmọ Ìjọra
Màmá ẹ ṣé gan-an, ìyẹn ò wá sí mi lọ́kàn rí. Jẹnẹrétọ̀ 500 kVA la ní, dísẹ̀lì sì ti kọjá agbára.

Ẹ̀gbọ́n Mátórì
Ọ̀rọ̀ màmá yẹn gan-an ni. 500 kVA tó ń gbé kọ́ńpírẹ́sọ̀ kan ní ìdajì pẹ̀lú gílóòbù díẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ 30 pásẹ́ńtì nìyẹn, kò dáa fún un. Dísẹ̀lì ò ní jó tán nínú ẹ̀, á máa yọ omi dúdú lẹ́nu ẹ̀sọ́ọ̀sì, inú ẹ̀ á di. Tẹ́ ẹ bá máa tan jẹ́ń, ẹ tan án kó gbé ẹrù gidi fún wákàtí méjì, kẹ́ ẹ pa á. Tí iná Band A bá wà, ẹ fa yàrá wálẹ̀ dé -23, tó bá lọ ẹ ti ilẹ̀kùn pa, kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Ẹja ò gbọdọ̀ kọjá -18 lásán ni, ẹ ki tẹmọ́míta bọ inú ẹja, ẹ má wo ti ara ògiri nìkan.

Àǹtí Ààbò
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n já ọ̀rọ̀ yín. Ọmọ Ìjọra, yàrá méje tẹ́ ò lò mọ́ yẹn, báwo lẹ ṣe tì í? Fáàfù wo lẹ tì, èwo lẹ kọ́kọ́ tì?

Ọmọ Ìjọra
Àǹtí mi, a ti ti fáàfù liquid (èyí tí amóníà olómi ń gbà wọ kọ́ìlì), a sì ti ti fáàfù suction (èyí tí gáàsì ń gbà padà) náà kó má bàa sí ohun tó máa jò. Márùn-ún la ṣe bẹ́ẹ̀ fún lọ́dún tó kọjá, a kọ́kọ́ fà wọ́n gbẹ. Méjì yòókù, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni, mi ò sí níbẹ̀, ọmọ ṣíìfù ló tì í.

Àǹtí Ààbò
Ẹ lọ wo méjì yẹn nísinsìnyí, ẹ má dúró dọ̀la. Tí amóníà olómi bá há sáàárín fáàfù méjì tí wọ́n tì, tí páìpù náà kún fún un láìsí àyè gáàsì, tí yàrá bá bẹ̀rẹ̀ sí í móoru, olómi náà á wú, kò sì ní ibi tó máa wú sí. Irin ni yóò bẹ́. Kì í ṣe prẹ́ṣọ̀ 10 bar, 14 bar là ń sọ níbí o, ó lè ju ohun tí páìpù kankan lè gbé lọ. Ẹ má dá lọ, ẹni méjì, kí boju-bomú oní-katiríìjì amóníà wà lọ́rùn ẹni kọ̀ọ̀kan, kí omi wà nítòsí, kẹ́ ẹ ti mọ ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà jáde. Ti suction ni kẹ́ ẹ ṣí, díẹ̀ báyìí, díẹ̀ báyìí, ẹ má ṣí i wàràwàrà torí olómi á lọ gbá páìpù. Nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó, 767 tàbí 112, kí ẹni tó wà lẹ́nu géètì mọ̀ ọ́n.

Baba Amóníà, Sùúrùlérè
Ṣe ohun tí àǹtí sọ. A máa dúró dè ẹ́.

Ọmọ Ìjọra
A ti dé. Ọ̀kan ti gbẹ. Ìkejì, wọ́n ti i pa lọ́wọ́ méjèèjì, liquid wà nínú ẹ̀, nígbà tá a ṣí suction díẹ̀ a gbọ́ bó ṣe ń ré kọjá fún ohun tó lé ní ogún ìṣẹ́jú. Yàrá yẹn ti wà ní +4. Ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ èyí. Àǹtí, Ọlọ́run á bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Àǹtí Ààbò
Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Látòní lọ: liquid lẹ máa kọ́kọ́ tì, fáànù á máa sá, kọ́ńpírẹ́sọ̀ á fa ohun tó wà nínú kọ́ìlì tán, ẹ óò rí i pé yìnyín ara ẹ̀ ti yọ́, prẹ́ṣọ̀ ti wálẹ̀, ìgbà yẹn lẹ tó lè ti suction. Kí ẹni tó bá tì í kọ orúkọ àti àkókò sí ara fáàfù náà. Tẹ́ ẹ bá rí amóníà tó dà sílẹ̀ ní olómi, ẹ má da omi lé e lórí, ńṣe lá máa hó sókè sí i. Àwọn kan sì máa ń sọ pé amóníà fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ, pé òkè lá lọ. Òótọ́ ni tó bá ti gbẹ, ṣùgbọ́n èyí tó bá tú jáde tutù nínú afẹ́fẹ́ olómi Èkó lè ba sílẹ̀ bí ìkùukùu. Ẹ wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ, kẹ́ ẹ gba ẹ̀gbẹ́ sá fún un.

Baba Amóníà, Sùúrùlérè
Ohun kan ṣì kù tó bá ìyẹn lọ. Tí ẹ̀rọ bá ti pẹ́ lórí ẹrù kékeré, gáàsì inú páìpù suction ò sáré mọ́, olómi àti ọ́ìlì á máa jókòó sí ibi tí páìpù ti ga sókè. Lọ́jọ́ tẹ́rù bá dé lójijì tí kọ́ńpírẹ́sọ̀ fò sókè, gbogbo ẹ̀ á dìde lẹ́ẹ̀kan náà wá bá a. Nítorí náà ẹ ṣe é kí slide máa gòkè wọ́ọ́rọ́wọ́, kẹ́ ẹ sì rí i pé ìwọ̀n olómi inú táńkì suction ò ga. Ẹ máa fa ọ́ìlì jáde nísàlẹ̀ táńkì, ọ́ìlì wúwo ju amóníà olómi lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń jókòó sí.

Ọmọ Ìjọra
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, mo ní kí n wá jábọ̀. Ẹyọ kan ló ń gbé yàrá márààrún báyìí, ó máa ń wà láàárín 85 sí 95, amp ẹ̀ ò kọjá 262, nígbà tí méjèèjì tẹ́lẹ̀ ń fa bí 370 pa pọ̀. Ẹ̀gbọ́n, a ti yá mítà kilowatt, òun náà fi hàn pé ó dín kù, kò tó bí amp ṣe fi hàn, bẹ́ ẹ ṣe wí gẹ́lẹ́. Ìkejì máa ń dìde tí kọ̀ńtéénà bá wọlé, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Suction ti dé -27. Ní -26 yàrá kẹta bẹ̀rẹ̀ sí í yẹsẹ̀, a padà. Head jẹ́ 12.2 lọ́sàn-án: ìpẹ́ ló wà lára páìpù, afẹ́fẹ́ náà wà níbẹ̀ díẹ̀, bàbá, méjèèjì tẹ́ ẹ sọ ló rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ti ní ká lọ wádìí iye VFD fún fáànù kọ̀ńdẹ́ńsà.

Ìbéèrè tó kù fún mi ni èyí tó ń sinmi. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tá a ti tan án kẹ́yìn.

Baba Amóníà, Sùúrùlérè
Oṣù mẹ́rin ti pọ̀ jù. Seal ẹnu shaft (ohun tó ń dí ibi tí shaft ti yọ síta) á gbẹ, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá tan án á bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ẹ rí i pé heater ọ́ìlì ẹ̀ wà ní títàn ní gbogbo ìgbà, torí tí ọ́ìlì bá tutù amóníà á pò mọ́ ọn, tẹ́ ẹ bá tan án á hó bí ọṣẹ, bearing ò ní rí ọ́ìlì. Ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, kọ́kọ́ fọwọ́ yí shaft ẹ̀, pẹ̀lú iná tó ti gé ní ìdí, tó bá yí dáadáa, tan án kó gbé ẹrù fún wákàtí kan. Kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa gba ipò lọ́wọ́ ara wọn lóṣooṣù.

Ọmọ Ìjọra
Sátidé la fi sí i, bàbá, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, nígbà tí àwọn oníbàárà bá ti kó ẹja wọn lọ tán. Heater ẹ̀, mo lọ wò ó báyìí, ó ti jóná. A ti gba tuntun.